Wọ́n fi rúlà na ọmọ mi lọ́wọ́ nídìí kíbọ́ọ̀dù, ó ní òun ò kọ́ mọ́

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta (Ṣómólú)
Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí ò ní ṣàìsí níbí.

Àkọ́bí mi ọkùnrin pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lóṣù tó kọjá. Àtìgbà tó ti ń rá ni kò ti sí ohun tí kì í lù nínú ilé: ike omi, ìdérí ìkòkò, ẹ̀yìn àga. Bí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ àwọn onílù ló máa ń lọ dúró sí, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára ọwọ́ wọn títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Bàbá rẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó lọ ra kíbọ́ọ̀dù fún un ní Alábà, ó sì bá a wá tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ mélòó kan ní àdúgbò wa. Sátidé sí Sátidé, wákàtí kan.

Oṣù mẹ́ta ló fi lọ. Ní Sátidé tó kọjá, ó wọlé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, mo rí i pé ọwọ́ òsì ló fi mú ṣíbí. Mo ní kó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Ẹ̀yìn ìka rẹ̀ wú, ilà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Rúlà ni. Tíṣà ní ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò dípò kó máa wo ìwé, pé bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn.

Mo ti lọ bá tíṣà yẹn, a ti sọ ọ́, ọmọ mi ò ní padà síbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: kò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù yẹn mọ́. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé kò lu ike mọ́. Ilé dákẹ́. Bàbá rẹ̀ ní ká tètè wá tíṣà mìíràn kí owó kíbọ́ọ̀dù má baà wọgbó. Èmi ní ká fi í sílẹ̀. Kí ni ká ṣe? Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ yín ní nǹkan báyìí ní kékeré, báwo ni wọ́n ṣe kọ́ yín?

---

Abẹ́_Afárá (Ìdúmọ̀tà)
Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ̀mí. Ẹ bá mi kí i. Ẹ fi í sílẹ̀ ná kí ara rẹ̀ balẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣì ni.

---

Bàbá_Àgbà_Sùúrùlérè
Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Tíṣà yẹn ti ṣe àṣejù, èmi náà ò ní gbà á fún ọmọ-ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ pátápátá, ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí.

Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fọn fèrè nínú Boys' Brigade ní Èbúté-Mẹ́ta. Wọ́n nà wá. Àbúrò mi ń kọ́ gìtá ní àkókò kan náà, òkùn ń dá egbò sí i níka, ìyá wa káàánú rẹ̀, wọ́n ní kó sinmi ná. Ìsinmi yẹn ló ń sinmi títí dòní. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Bí a bá lọ òde àríyá, tí onígìtá bá bọ́ síwájú, mo máa ń rí ojú rẹ̀. Kì í sọ nǹkan kan. Torí náà, ẹ bá a wá ẹlòmíràn tó lójú àánú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

---

Ọmọ_Àyàn (Múṣin)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:35 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣé sà, ẹ kú ìrántí. Mo fẹ́ bá yín dá sí i torí ilé ìlù ni wọ́n bí mi sí. Múṣin ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti wá, Àyàn ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo wa nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ nílé wa. Kò sí ọjọ́ kan tí bàbá mi pè mí jókòó pé òun fẹ́ kọ́ mi ní ìlù. Ìdí ìlù ni mo máa ń sùn sí lóde àríyá, lẹ́yìn àga àwọn bàbá mi. Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n gbé gúdúgúdú kọ́ mi lọ́rùn. Gúdúgúdú ni àbíkẹ́yìn nínú ẹbí dùndún. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ó rí roboto bí àwo, wọ́n lẹ ìda mọ́ ojú awọ rẹ̀, bílálà méjì tí wọ́n fi awọ lọ́ la sì fi ń lù ú. Kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró sójú kan, kó má yẹ̀, kí ìyáàlù lè ráyè sọ tẹnu rẹ̀.

Bí ọmọ bá ṣì í lù, kò sẹ́ni tó máa nà án. Àwọn tó kù ò ní dúró dè é ni. Etí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún un pé ó ti jábọ́, etí yẹn náà ló sì máa fi wá ọ̀nà padà wọlé. Àìmọye ìgbà ni mo jábọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi á kàn wo ojú mi, á mi orí lẹ́ẹ̀kan níbi tó yẹ kí n ti wọlé.

Mo ti wà ní girama kí wọ́n tó gbé ìyáàlù kọ́ mi léjìká. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, ẹnu mi ti mọ ohun tó ń sọ. Ẹnu la kọ́kọ́ fi ń lù ú. Eré kan wà tí bàbá mi máa ń bá wa ṣe tí a bá ń gba afẹ́fẹ́ níta nígbà tí iná bá lọ. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ kan: ìlù. Dò dò. Tí ohùn ìkẹyìn bá gòkè díẹ̀, ó di ìlu, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń dá ihò sára nǹkan: dò re. Tó bá gòkè dáadáa, ó di ìlú tí a ń gbé: dò mí. Lára dùndún, ọwọ́ tó di ọ̀ṣán mú ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Tó bá fún un, ohùn á ròkè, tó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Bàbá mi á lu ọ̀kan, àwa ọmọ á pariwo èyí tó jẹ́. Ẹni tó bá ṣì í á tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn nìkan ni ìyà ibẹ̀.

Mọ̀mí, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nìyí. Wọ́n na ọmọ yín torí pé ó ń wo ọwọ́. Ọwọ́ àwọn onílù ló ti ń wò ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ yìí wá, ibẹ̀ ló ti kọ́ gbogbo èyí tó mọ̀. Ojú àti etí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ kí tíṣà kankan tó dé. Ẹ̀kọ́ yẹn ni rúlà bà, ìdí nìyẹn tí kò fi lu ike mọ́. Ẹ má tíì wá tíṣà. Ẹ kọ́kọ́ wá ìlù yẹn padà sí i lẹ́nu.

---

Omi_Ọ̀sà (Ìsàlẹ̀ Èkó)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni tèmi, obìnrin ni, gángan ló ní òun fẹ́. Ìyá ọkọ mi ní obìnrin kì í lu ìlù. Ṣé èèwọ̀ ni lóòótọ́?

---

Ọmọ_Àyàn (Múṣin)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:31 àárọ̀

Ẹ kú ọmọ, Àǹtí. Ní ilé tiwa, ọkùnrin la mọ̀ mọ́ ìlù, ìyá ń lọ́wọ́ sí i ní tiwọn: ìyá bàbá mi ló kọ́ wa ní oríkì tí a ń fi ìlù kì. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ara, obìnrin tó ń lu gángan, tí gbogbo Èkó àti òkè òkun mọ̀. Ẹ fi fídíò rẹ̀ han Màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ jọ wò ó. Gángan kì í wúwo bí ìyáàlù, ó wọ abẹ́ apá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án dáadáa.

---

Ará_Láfíàjì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ohun tí Ọmọ Àyàn sọ nípa ẹnu yìí, òun kan náà ni bàbá mi máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ò fọwọ́ kan dùndún rí láyé wọn.

Ọmọ akọrin ni wọ́n ní Kàtídírà Marina, ní àkókò tí Ekundayo Phillips ṣì wà nídìí dùrù níbẹ̀. Láti 1914 títí di 1962 ni Phillips fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Fela Sowande tí wọ́n bí ní 1905 náà kọrin níbẹ̀ lọ́mọdé, ọ̀dọ̀ Phillips ló sì ti kọ́ dùrù kó tó lọ sí London. Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ dùrù, bàbá mi kì í jẹ́ kí n tẹ orin tí n kò tíì lè fi sofá kọ jáde. Mo máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ọwọ́ lẹ́yìn, màá kọ dò re mí rẹ̀ látòkè délẹ̀. Tí mo bá kọ ọ́ tó gún, wọ́n á ní, "Ó yá, jókòó, lọ wá ohun tó o ti mọ̀." Gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi. Wọn ò sọ pé kí n lọ kọ́ ọ. Ó ti wà nínú mi, ìka ló kù kó lọ bá a.

Phillips yìí kan náà ló tẹnu mọ́ ọn pé orin Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti kọ àwọn orin ìyìn àtijọ́ tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ bí ohùn orin ṣe máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ lọ́rùn títí ọ̀rọ̀ á fi di nǹkan mìíràn. Ọmọ Yorùbá tó bá ti ń sọ̀rọ̀, ó ti ń ya dò kúrò lára mí lójoojúmọ́. Ó dùn mí púpọ̀ tí tíṣà bá rò pé òfìfo orí ni ọmọ gbé wá bá òun.

---

Tíṣà_Dùrù (Yábàá)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́

Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọdé ní kíbọ́ọ̀dù àti fáyólíìnì. Mọ̀mí, mo bá yín tọrọ àforíjì lórúkọ iṣẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun.

Lákọ̀ọ́kọ́, wákàtí kan ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ara rẹ̀ ló kù lórí àga, ọkàn rẹ̀ ti jáde síta. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìka ọmọdé ń gbàgbé kíá, ó sì ń rántí kíá, tó bá ṣáà ń padà síbẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ wo kíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ rà náà. Ẹ fi ìka tẹ ohùn kan jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ tún gbá a. Tó bá jẹ́ pé bákan náà ló dún, irú èyí tí kì í mọ agbára ìka ni. Kò burú fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má tà á, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọmọ tó fẹ́ràn ìlù á yára sú u, torí onílù ti mọ̀ pé bí a bá ṣe fọwọ́ kan nǹkan ló yẹ kó ṣe dáhùn. Ẹ tún wo ìjókòó rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ojú kíbọ́ọ̀dù, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kanlẹ̀. Tí kò bá kanlẹ̀, ẹ fi àpótí sábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ní ó ń ṣọ̀lẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fì dirodiro ló ń dùn ún.

Lórí wíwo ọwọ́: mo máa ń jẹ́ kí wọ́n wò ó. Kọ́kọ́rọ́ 88 ló wà lára pianó ńlá, funfun 52, dúdú 36. Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ mọ ilé láìwò ó? Àwọn dúdú yẹn méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n tò wọ́n. Mo máa ń ní kó wá gbogbo ibi tí méjì bá wà. Funfun tó wà lápá òsì méjì yẹn, òun ni C, ibẹ̀ la ó pè ní dò wa. Ọmọ á wá gbogbo rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún, inú rẹ̀ á máa dùn. Ìwé lè dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Àwọn òbí kan máa ń bi mí léèrè gírédì kí ọmọ tó lo oṣù kan. Ìdánwò orin ti ABRSM, àjọ ìdánwò orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti gírédì 1 dé 8 dára, èmi náà kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lójúkojú pàápàá, ibì kan wà tí olùdánwò á tẹ orin kúkúrú, tí ọmọ á fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́ padà. Ọmọ tí wọ́n ti na etí rẹ̀ pa, kí ló fẹ́ kọ padà?

Ẹ̀yin tó ń ka èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ra fáyólíìnì, ìwọ̀n rẹ̀ wà fún ọmọdé, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìlàjì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ má ra ti àgbà pé ọmọ á dàgbà bá a, ọrùn àti èjìká ló ń bàjẹ́. Fèrè onírin, ẹ jẹ́ kí eyín iwájú tó ń pààrọ̀ hù tán ná. Fún ẹni tó wà lápá Erékùṣù, MUSON, ìyẹn Musical Society of Nigeria, wà ní Oníkan, 1983 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì ní ilé-ẹ̀kọ́ orin. Ibikíbi tó wù kẹ́ ẹ mú ọmọ lọ, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sínú yàrá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tíṣà tí kò bá gbà, ẹ mú ọmọ yín, kẹ́ ẹ máa lọ.

---

Abẹ́_Afárá (Ìdúmọ̀tà)
Ọjọ́rú, 12:05 ọ̀sán

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an. Gbogbo inú ilé ìtajà wa ló gbọ́ èyí, mo kà á sókè.

---

Bàbá_Àgbà_Sùúrùlérè
Ọjọ́rú, 8:55 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú mi ronú jìnnà, mo sì fẹ́ sọ òótọ́.

Mo kọ ọ́ lókè pé wọ́n nà wá, bí ẹni pé ẹgba ló mú mi dúró. Kì í ṣe ẹgba. Ọ̀gá kan wà tó jù mí lọ ní ọdún bíi mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa. Lọ́jọ́ kan tí ojú mi ti wú fún ẹkún, ó yọ ẹnu fèrè rẹ̀, irin kékeré tí a ń gbé sétè yẹn, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó ní kí n mú un lọ sílé di ọjọ́ kejì. Ó ní kí n má ṣe fi kọrin kankan, kí n ṣáà jẹ́ kó kùn bí oyin. Mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo rántí bó ṣe tutù létè mi lóru, tí mò ń fọn ọ́n jẹ́jẹ́ nínú aṣọ ìbora kí bàbá mi má baà jí. Òru ọjọ́ yẹn ló mú mi dúró. Àbúrò mi ò rí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ fún un.

Ìyá wa, mo yí ohùn mi padà. Ẹ ṣe bí Ọmọ Àyàn ti wí.

---

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta (Ṣómólú)
Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kejì, 9:18 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo fẹ́ rí nǹkan kí n tó sọ̀rọ̀.

A ò wá tíṣà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún bàbá rẹ̀, ó dákẹ́ lórí èyí tí Bàbá Sùúrùlérè kọ kẹ́yìn, ó ní ká ṣe sùúrù. A fi aṣọ bo kíbọ́ọ̀dù, a ò dárúkọ rẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ eré ìlù, ìlu, ìlú yẹn, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, nígbà tí a bá ń fọ abọ́. Mo máa fi ṣíbí lu ẹ̀yìn abọ́, àbúrò rẹ̀ á pariwo. Òun ò dá sí i. Ó kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọjọ́ márùn-ún bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná ò sí, mo lu abọ́, mo ní ìlú ni. Ó sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kò gbójú sókè: "Mọ̀mí, ìyẹn kọ́. Ohùn kan náà lẹ lù lẹ́ẹ̀mejì. Ìlù ni." Mo ní kó wá fi hàn mí. Ó dìde. Ó wo abọ́ náà, ó ní kò lè sọ ọ́, ohùn kan ló ní. Ó lọ kó ife onígíláàsì mẹ́ta, ó bu omi sí wọn, ọ̀kan kún, ọ̀kan dé ìdajì, ó fi ẹ̀kán omi ṣoṣo sí ìkẹta. Ó fi ṣíbí kàn wọ́n, ó da díẹ̀ nù, ó tún kàn wọ́n, ó bu díẹ̀ sí i. Àbẹ́là ló wà láàárín wa. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ fi sùn lọ sílẹ̀. Èyí tó kún lohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi, ìlù, ìlu, ìlú, ọ̀rọ̀ ni mo sì gbọ́, mo búra fún yín. Bàbá rẹ̀ jáde láti yàrá, ó dúró sẹ́yìn mi. Ó ní kó tún un ṣe.

Lónìí tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a wà ní kíṣìnì nígbà tí a gbọ́ kíbọ́ọ̀dù. A ò lọ yọjú. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wá ohùn ife tó kún yẹn. Ó tẹ èyí tó ròkè jù, ó sún wálẹ̀, ó tún sún. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ló pè mí pé kí n gbé omi wá.